Ẹ̀yáwó Nítorí Ẹ̀yìn Ríro

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yìn ríro ti ń sọ ọ̀pọ̀ wa di ayáwó. Fún irú ìrora tó ti oríkèé ẹ̀yìn wá, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ olóoru, ní bí ìwọ̀n 80 Celsius, jó iṣan kékeré tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Wọn a kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ apàrora dán an wò. Ṣùgbọ́n iṣan náà a máa hù padà, nígbà mìíràn kí ọdún tó yí po.

Àwọn kan wá ń ta fítámì E àti alpha-lipoic acid mọ́ ọn, pé yóò jẹ́ kí ìtura náà pẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àpọ̀jù fítámì E lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Èkejì lè fa ṣúgà alátọ̀gbẹ walẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ẹ béèrè ìwé dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí owó oògùn ìgò.