Jenkins, ìránṣẹ́ tí kì í sùn: Bí àwọn tó ń lo Java ṣe ń rán an níṣẹ́

Ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ nípìnlẹ̀ Èkó, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndó, ọ̀dọ́ kan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ lónìí, kó máa fi èdè Java kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n kíkọ ọ́ nìkan kọ́ niṣẹ́. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó kọ jọ, kó sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò, kó sì dán an wò bóyá àbùkù wà nínú rẹ̀. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú láàárín rẹ̀, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi gbé iṣẹ́ náà fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan lára àwọn sọ́fítíwià tí òkìkí wọn kàn jù lórí iṣẹ́ yìí ni Jenkins. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Kohsuke Kawaguchi, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 ní iléeṣẹ́ Sun Microsystems, níbi tí wọ́n ti ṣe Java fúnra rẹ̀. Hudson ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Oracle ra Sun ní 2010, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni orúkọ náà, ni wọ́n bá yí i padà sí Jenkins ní 2011.

Èèyàn lè ṣí ojú ewé Jenkins lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Jenkins tún ní ẹnu ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n ń pè ní API, tí ètò kọ̀ǹpútà fi lè bá a sọ̀rọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí jenkins-client, àkójọ iṣẹ́ Java tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà yìí, ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ Java di èyí tó yé sáfà, ó sì ń sọ èsì sáfà di èyí tó yé Java. Ẹni tó fẹ́ lò ó yóò fún JenkinsServer ní àdírẹ́sì sáfà, orúkọ rẹ̀ àti àmì àṣẹ tí wọ́n ń pè ní token. Lẹ́yìn náà, getJobs yóò kó orúkọ àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wá, build yóò sì ní kí èyí tó yàn bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: bí Jenkins bá gba iṣẹ́, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí. Nọ́mbà orí ìlà ló kọ́kọ́ ń fúnni, bíi ti ẹni tó tò sí báńkì. Nígbà tó bá kàn án, yóò gba nọ́mbà iṣẹ́ gan-an, àmọ́ kò ní sí èsì títí tí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé SUCCESS, ìyẹn ó yọrí sí rere, tàbí FAILURE, ìyẹn ó kùnà. Ètò tó mọṣẹ́ á tọ́jú nọ́mbà yẹn. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já ní Ìgàndó, iṣẹ́ ń lọ lórí sáfà, yóò sì padà wá béèrè èsì rẹ̀.

Èkejì ni àmì àṣẹ. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sáàárín ètò tó gbé sí GitHub fún gbogbo ayé ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ìta ètò ló yẹ kó wà, bó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n fagi lé e kíákíá. Sáfà fúnra rẹ̀ tún ń fẹ́ àbójútó. Ní January 24, 2024, àwọn tó ń ṣe Jenkins kéde ihò kan tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ lè gbà ka fáìlì orí sáfà, wọ́n sì gbé ẹ̀dà tuntun tó dí i jáde lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀dà tuntun, ó ń dúró de olè ni.