Kọ̀ǹpútà Tó Mọ Àjọṣe: Ẹ Wo Dẹ́rẹ́bà àti Kọ̀ndọ́

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa software agent rí? Ètò kọ̀ǹpútà kan ni. Tí a bá rán an níṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ro bó ṣe máa ṣe é, kò ní dúró kí a máa sọ gbogbo ẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pé méjì tàbí mẹ́ta ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe máa jọ ṣiṣẹ́ tí wọn ò ní da iṣẹ́ ara wọn rú?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Barbara Grosz, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1990, òun àti Candace Sidner gbé àlàyé kan jáde tí wọ́n pè ní SharedPlans, ìyẹn ètò àjọṣe. Ní 1996, òun àti Sarit Kraus láti Ísírẹ́lì tún fẹ̀ ẹ́ lójú sí i.

Ẹ wo títì Herbert Macaulay ní Yábàá láàárọ̀. Mọ́tò pọ̀ bí eṣú. Wọ́n ń yà fún ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò jọ ṣiṣẹ́ kankan, kálukú ń lọ síbi tirẹ̀ ni. Ẹ wá wo inú danfo kan ṣoṣo. Dẹ́rẹ́bà ń wakọ̀, kọ̀ndọ́ ń pe èrò, ó ń gbowó. Bí kọ̀ndọ́ bá pariwo "Ó wà o!", dẹ́rẹ́bà á dúró. Bí kọ̀ndọ́ ò bá rí ṣéńjì, dẹ́rẹ́bà á wo àpò tirẹ̀. Àjọṣe nìyẹn.

Grosz àti Kraus ní kò tó kí kálukú ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ń jọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kálukú gbọ́dọ̀ gba ipa tirẹ̀, kó sì máa wù ú kí ti ẹnìkejì náà yọrí sí rere. Ètò náà lè má tíì pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa parí ẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí ipa rẹ̀ bá fẹ́ bà jẹ́ gbọ́dọ̀ tètè sọ.

Ibí yìí ló ti bá èmi gan-an wí. Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin la jọ gba iṣẹ́ kan. Èmi ni mo ní màá tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. Iná ò wá fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Nígbà tí ọjọ́ pé, iṣẹ́ ò sí nílẹ̀, gbogbo wa la pàdánù máàkì. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìyá ọ̀kan nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, jẹnẹrétọ̀ sì wà níbẹ̀. Ká ní mo ti sọ ni!

Máàkì nìyẹn o. Grosz gbé ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tí àìsàn wọn le, tí dókítà púpọ̀ ń tọ́jú. Bí dókítà kan bá yí oògùn padà tí èkejì ò gbọ́, ọmọ ló máa jìyà ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ń dùn wá, ká sọ. Tí wọ́n bá lè kọ́ kọ̀ǹpútà pé kó máa sọ nígbà tí iṣẹ́ bá há a lọ́wọ́, kí ló dé tí àwa èèyàn ò ní sọ? Iṣẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀ ní tọ́ọ̀mù yìí. Èmi máa sọ o.