Ọmọ Tí Kì Í Làágùn



Tí ọmọ bá dé, irun orí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ó ti hu eyín?" Irun ọmọkùnrin mi fẹ́lẹ́, ó sì lé ní ọdún kan ààbọ̀ kí eyín àkọ́kọ́ tó yọ, ó rí ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Àmọ́ ohun tó léwu jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè: ọmọ náà kì í làágùn.

Hypohidrotic ectodermal dysplasia ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú oyún, ìpele òde ara ọmọ ló ń di awọ, irun, eyín àti ihò òógùn. Tí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní EDA bá ní àbùkù, iṣẹ́ yẹn kì í parí. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ kì í ba làákàyè ọmọ jẹ́, kì í sì í ràn.

Kì í ṣe tuntun. Ní 1875, Charles Darwin kọ̀wé nípa ìdílé kan ní Sindh, tó wà ní Pakistan lónìí: ọkùnrin mẹ́wàá, láàárín ìran mẹ́rin, tí eyín àti irun wọn kéré, tí awọ wọn sì máa ń gbẹ nígbà ooru. Ó kíyè sí i pé àwọn obìnrin ilé náà kì í ní in, síbẹ̀ wọ́n ń bí i fún àwọn ọmọkùnrin wọn. Ọdún 1996 ni wọ́n tó rí jíìnì ọ̀hún.

Ìdí ni pé orí X ló wà. Tí ìyá bá gbé e, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan lè ní in, ó lè má ní in, bíi kéèyàn ta owó ẹyọ sókè. Bákan náà ni ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan lè gbé e. Bàbá tó ní in kò lè fún ọmọkùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa gbé e. Nígbà míì sì rèé, ara ọmọ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi míì tún wà tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá wá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú nílé wa. Àyẹ̀wò fi hàn pé èmi ni mo gbé e. Àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn sì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Màmá ní, "Má dẹ́rù ba aboyún o." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ló lè ṣọ́ra." Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Eyín tèmi náà, méjì ò hù rí." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń hàn lára obìnrin tó gbé e nígbà míì: eyín tí kò pé, tàbí ara tó ń làágùn níbì kan tí kò làágùn níbòmíì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Chestermere tutù, pé kí ni ooru fẹ́ ṣe fún un. Ẹ tẹ́tí o. Tí ẹ bá di ọmọ yìí sínú aṣọ òtútù, tó sáré lórí yìnyín, ara rẹ̀ lè gbóná jù ní -25 pàápàá. Ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ tó ṣeé bọ́ ní kíákíá. Nígbà ooru, omi tútù, aṣọ tí a rẹ sómi àti ìgò tí a fi ń fọ́n omi sára ni tiwa. Afẹ́fẹ́ ibí gbẹ, nítorí náà ìpara, omi ojú àti omi imú kò gbọ́dọ̀ tán nílé. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ tù ú lára, kẹ́ ẹ tó máa rò pé ibà ni. Ní ti eyín, wọ́n lè ṣe eyín àtọwọ́dá fún ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Ìrètí wà. Ní 2018, àwọn dókítà ní Erlangen, Jámánì, ròyìn pé àwọn fi èròjà tó sọnù náà sínú omi tó yí ọmọ ká nínú oyún. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ṣe é fún ń làágùn. Wọ́n ṣì ń dán an wò, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tó fi dára kí aboyún tètè mọ̀.

Ohun kan kù. Ọmọ wa lè sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún tíṣà. Ṣùgbọ́n tí Màmá àgbà bá wá láti Nàìjíríà, tí ó ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í torí ìfẹ́, ṣé á lè sọ fún wọn? Gbólóhùn tí mo kọ́ ọmọ tèmi rèé, ẹ kọ́ tiyín náà: "Màmá, ara mi ń gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi sí mi lára."