Ìyá Kan Bi Mí Pé, "Ṣé O Wà Níbẹ̀?"

Mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà ara mi ni n ó kọ́kọ́ bá wí.

Ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 2019, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Bẹẹrẹ nígbà tí ẹnì kan ka ìròyìn fún wa láti orí fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Mijas, ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, pásítọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ń gbé London, ẹni ọdún 52, kú sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, òun pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ ẹni ọdún 16 àti ọmọbìnrin rẹ̀ ẹni ọdún 9. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà ni omi kọ́kọ́ mú, tí ẹ̀gbọ́n àti bàbá rẹ̀ sì bẹ́ sí i láti yọ ọ́.

Wọn kò tíì kà á tán tí mo fi ní, "Ẹni tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kí ni ó wá dé ibi omi?" Onígbàjámọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ẹlòmíràn ní bàbá ni kò ká àwọn ọmọ lọ́wọ́ kò. Èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n ka ìbéèrè já kí wọ́n tó dáhùn!

Ìyá àgbà kan tí ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gẹrun ni ó dá wa lẹ́kun. Ó ní, "Tíṣà, ṣé o wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

Ó ní ní ìgbà Omíyalé, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ, omi gba ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin. "Àwọn tí wọ́n wá kí mi, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé níbo ni mo wà. Ọwọ́ mi ni mo fi dì í mú."

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá Sípéènì ní ìjàm̀bá ni, pé àìmọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa ni ó fà á. Àwọn onílé ìgbafẹ́ náà ní wọn kò rí àbùkù lára adágún àwọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó olóògbé, tí ó pàdánù ọkọ àti ọmọ méjì lọ́jọ́ kan, ní bẹ́ẹ̀ kọ́: òmùwẹ̀ ni gbogbo wọn, nǹkan kan ni ó ń ṣe adágún náà tí ó fi fà wọ́n lọ sí àárín. Láti Bẹẹrẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́?

N kò ní kí a má wádìí o. Ní Amẹ́ríkà, ihò tí ń fa omi mú ọmọbìnrin ọdún 7 kan mọ́lẹ̀ ní 2002, ó sì kú. Ní 2007 wọ́n fi òfin dè é pé ihò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí kò léwu. Ẹni tí ó bá ti dá ìyá tàbí bàbá lẹ́bi tán kì í rántí wo ihò.

Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá náà sanwó, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì gba ọ̀nà Mápó lọ.