Gbèsè Tó Wà Nínú Ìbẹ̀rẹ̀ Ayò

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bi mí pé, "Prọ́f, kí ló dé tí àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì fi ń há ìbẹ̀rẹ̀ ayò sórí? Ṣé kì í ṣe àṣedànù ni, sà?" Ẹ jẹ́ kí n fi ayò kan ṣoṣo dá a lóhùn.

Ní oṣù Kẹwàá 1956, níbi ìdíje Rosenwald ní New York, Donald Byrne àti Bobby Fischer pàdé. Byrne ti gba ipò kìíní nínú ìdíje US Open ní 1953. Ọmọ ọdún 13 ni Fischer. Byrne mú funfun, ọmọdé mú dúdú.

Grünfeld ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ tí ayò náà já sí, láti ara orúkọ Ernst Grünfeld, ọmọ Austria tó gbé e jáde ní 1922. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ò le. Dúdú á jẹ́ kí funfun kó ọmọ-ogun rẹ̀ sí àárín pátákó, á wá máa fi ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù bá àárín náà jà láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ tí funfun gbà, gbèsè ni: ó gbọ́dọ̀ tètè fi ọba rẹ̀ pamọ́ sí igun kí ìjà tó dé.

Fischer ti fi ọba tirẹ̀ pamọ́ ní ìgbésẹ̀ 4. Byrne ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ 11, bíṣọ́ọ̀bù tó ti gbé tẹ́lẹ̀ náà ló tún gbé, lọ sí g5, ọba rẹ̀ ṣì wà láàárín. Ni Fischer bá gbé ẹṣin lọ sí a4, níbi tí ẹṣin funfun ti lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí Byrne bá jẹ ẹ́, ẹṣin dúdú kejì á jẹ ọmọ-ogun e4, á halẹ̀ mọ́ ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù pa pọ̀, ọ̀nà tó kọjú sí ọba á sì là. Byrne ò jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ọmọ-ogun e4 lọ.

Ní ìgbésẹ̀ 17, Fischer fa bíṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn sí e6, ó fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀. Byrne jẹ ayaba. Bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin dúdú wá ń lé ọba funfun síwá sẹ́yìn láàárín f1 àti g1. Dípò ayaba kan, Fischer kó ilé-ìṣọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ọmọ-ogun kan. Ní ìgbésẹ̀ 41, ọba funfun kú.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà mọ̀ ọ́n: ẹni tó há gbólóhùn sórí lásán ò tíì gbọ́ èdè. Ẹ há ìbẹ̀rẹ̀ ayò sórí o, èmi ò ní kẹ́ ẹ má há a. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í pé: gbèsè wo lo fẹ́ dá sí mi lọ́rùn?