Ọ̀dá Òjò àti Àrùn Ìrẹsì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ onírẹsì, bí ẹ bá rí àmì aláwọ̀ eérú lára ewé, tí ó fẹ̀ láàárín, tí ó sì ṣóńṣó níkangun méjèèjì, àrùn blast ni. Oje méjì kan wà nínú ìrẹsì. Salicylic acid ń ran ìrẹsì lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Abscisic acid a máa pọ̀ nígbà ọ̀dá. Òun ní ń pa ihò ara ewé dé kí omi má baà tán. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣọ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dí èkínní lọ́wọ́, àrùn a sì ráyè wọlé.

Nítorí náà, ẹ mọ ebè yí oko ká kí omi òjò má ṣàn lọ. Ẹ pín ajílẹ̀ yúríà sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ewé tí ó dúdú minimini dùn ún wò lóòótọ́, àrùn yìí pẹ̀lú fẹ́ràn rẹ̀. Bí àmì bá ti yọ, ẹ dá yúríà dúró ná.