Orúnkún Ọmọ Tó Wú Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò lè ṣe kó má ṣubú, orúnkún rẹ̀ a sì máa wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Èyí tí kò lọ, tó ń pọ̀ sí i, tí ìrora rẹ̀ ń jí ọmọ lóru, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Jẹjẹrẹ kan wà tó ń mú eegun, iṣan àti ọ̀rá ara. Sàkómà ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀. Ti eegun a máa yọjú jù lọ lára ọmọ ọdún 10 sí 20, ìtòsí orúnkún ni ó sì fẹ́ràn. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà nínú ẹran itan: kókó tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tó ń dàgbà, ẹ fi han dókítà bí kò tilẹ̀ dunni.

Ohun tí à ń ṣe kí á tó dé ilé ìwòsàn ló ń kó wa sí wàhálà. Eegun tí àrùn ti jẹ lè kán mọ́ teguntegun lọ́wọ́. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe dókítà, sáré la kókó náà láìtíì ya fọ́tò rẹ̀. Abẹ tí a kò gbèrò a máa tú àrùn ká sínú ẹran tó yí i ká, ẹsẹ̀ tí ìbá ṣeé dá sí a sì di gígé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ksíréè. Bí ó bá mú ìfura wá, ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, bí UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àrábà, Èkó. Wọn yóò ya fọ́tò àyà pẹ̀lú, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ tàn dé. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò. Oníṣẹ́ abẹ tí yóò yọ ọ́ ló yẹ kó yan ojú ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Òun, ẹni tó ń ka fọ́tò, ẹni tó ń yẹ ẹran ara wò àti dókítà olóògùn jẹjẹrẹ ní láti jókòó pọ̀, torí ojú ẹnì kan ṣoṣo lè tàn án jẹ.

Ẹ̀rù gígé ẹsẹ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ òbí sá. Ṣáájú àwọn ọdún 1970, nígbà tó jẹ́ abẹ nìkan, kò tó ọmọ 1 nínú 5 tó ń là á já. Lónìí, níbi tí oògùn bá ti ṣáájú abẹ tó sì tún tẹ̀ lé e, nǹkan bí 2 nínú 3 àwọn tí tiwọn kò tíì tàn ló ń yè, a kì í sì í gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ béèrè òṣìṣẹ́ amójútó àlàáfíà aláìsàn nílé ìwòsàn náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú gbogbo fọ́tò àti ìwé àyẹ̀wò dání.